Ìbéèrè Tí Àwọn Obìnrin Máa Ń Bi Nọ́ọ̀sì Tí Ilẹ̀kùn Bá Ti Tì

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó, mo ti ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ti ṣe é ní Muṣin, ibi tí mo wà báyìí ò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. Obìnrin á wọlé, á ní orí ló ń fọ́ òun, àbí kí n kàn bá òun wo BP. Ó di ìgbà tó bá dìde tó fẹ́ máa lọ, tó ti di ilẹ̀kùn mú, kó tó wá ní “ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan wà o…” Nǹkan yẹn gan-an ló gbé e wá. Àwọn ìbéèrè ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo kó jọ síbí. Èmi náà ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi gbogbo wọn kí n tó sọ ohunkóhun: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ ò ní gbà gbọ́ iye ìgbà tí wọ́n ti dá mi lóhùn pé “ó ti tó ọdún méjì.”

Nǹkan oṣù mi kì í wá lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù. Ṣé àìsàn ni?

Rárá o. Ta ló sọ fún yín pé kàlẹ́ńdà ni ara? Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà, ẹ kà á títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún kọ́kọ́ rí òmíì, tó bá ti wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35 kò sí wàhálà, tó bá sì dà fún ọjọ́ méjì sí méje ìyẹn náà dáa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ lè máa fo oṣù fún bí ọdún méjì kó tó jókòó, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lè má rí i rárá, ẹni tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tirẹ̀ á máa ṣe ségesège. Àmọ́ tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ ò rí i, tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́ẹ̀sì tí kò sí oyún níbẹ̀, ẹ wá. Ó lè jẹ́ pé tairọ́ìdì ọrùn yín ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè jẹ́ PCOS, ìyẹn kí ẹyin má máa já bọ́ déédéé, irùngbọ̀n á máa hù, irorẹ́ á bo ojú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jí kí ọkọ tó jí láti lọ fi réésà fá àgbọ̀n, mo mọ̀ yín o. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó ní ìtọ́jú.

Tèmi máa ń dà bí omi ẹ̀rọ, páàdì méjì ni mo máa ń tò léra. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́. Ṣúgà ò mọ ọ̀nà ilé ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí, torí èmi náà ṣe irú ẹ̀ rí. Tí mo bá ti rí àlejò mi nígbà yẹn, ṣòkòtò dúdú ni mo máa ń wọ̀ jáde nílé, nílọ́ọ̀nù ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ ìdí nínú dáńfó láti Ọ̀yìngbò dé CMS, tí mo bá débi iṣẹ́ kí n tó wá pààrọ̀ sí yúnífọ́ọ̀mù. Mo sì ń sọ fún ara mi pé bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, kọ́ńdọ́ tó ti ń pariwo mọ́ mi látòwúrọ̀ nítorí ṣéńjì dákẹ́ lójijì, ó ní “Àǹtí, ẹ dúró, ẹ̀yìn yín,” ló bá yọ aṣọ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ọkọ̀, ó nà án sí mi. Aṣọ yẹn ni mo so mọ́dìí dé ọsibítù. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, jẹ́ 21, èmi tí mo ń sọ fún àwọn ẹlòmíì pé kí tiwọn máa tó 36. Nígbà tí wọ́n ṣe sikáànù, ìju mẹ́rin ló wà nínú mi, ọ̀kan tó ọsàn.

Nítorí náà ẹ gbọ́: tí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ dídì tó tó orí àtàǹpàkò bá ń bọ́, tàbí tó bá kọjá ọjọ́ méje, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, kò sí “bí tèmi ṣe rí nìyẹn” níbẹ̀. Ìju, tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì, ara ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti ń hù, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àwa aláwọ̀ dúdú la sì ń ní in jù. Hòmóònù obìnrin ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń súnkì tí nǹkan oṣù bá ti dá. Kò sí ọ̀tá kankan tó gbé e sí yín nínú. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà lára wọn tí wọn ò mọ̀ rárá, tí kò bá yọ yín lẹ́nu wọ́n lè kàn máa ṣọ́ ọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, oògùn wà tó ń dín in kù, wọ́n sì lè yọ ìju nìkan kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ bímọ mọ́ lè ní kí wọ́n yọ ilé ọmọ pátápátá. Àgbo tó ń yọ́ ìju ńkọ́? Mi ò tíì rí èyí tó yọ́ lórí sikáànù o. Èyí tí mo rí ni ti obìnrin kan tó mu àgbo fún oṣù mẹ́jọ, tí ikùn rẹ̀ kúrò ní bí aboyún oṣù mẹ́ta, ó di ti oṣù márùn-ún.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún 16, inú máa ń run ún débi pé kì í lè lọ síléèwé. Ìyá mi ní tó bá bímọ á lọ.

Ṣé kó lọ bímọ ní ọdún 16 kó tó lè ráyè lọ síléèwé ni? Ẹ fún un ní ibuprofen, kó jẹun kó tó lò ó, kó sì lò ó bí inú bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Ẹni tó ní úlísà ò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kó gbé e lé abẹ́ ìdodo. Gín-ìn tí ìyá àgbà ń bù fọ́mọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ràn án, ẹ mú un wá, torí endometriosis wà, ìyẹn ni pé irú awọ tó wà nínú ilé ọmọ lọ hù síta ilé ọmọ, òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù níbi tí ẹ̀jẹ̀ ò ti rọ́nà jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń rù ú kiri fún ọdún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni tó pè é lórúkọ fún wọn.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ń dà mí láàmú, mo ti lo oògùn títí, ó tún ń padà wá.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ l'Ékòó nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ún. Kò sí ìwé dókítà tí orúkọ “tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n” wà. Torí pé ọ̀pọ̀ wa ń gbé ilé fés-mi-àì-fés-yú, yàrá mẹ́jọ, ilé ìgbẹ́ kan, ẹni tó bá ti ń yún a máa dárúkọ ará ilé tó lo ilé ìgbẹ́ ṣáájú òun. Kòkòrò tó ń fa nǹkan wọ̀nyí kì í fò látinú àwo ilé ìgbẹ́ wọ ènìyàn lára.

Obìnrin kan tó ń ta léèsì ní Balógun wá bá mi rí, ó tú nílọ́ọ̀nù dúdú lé tábìlì mi. Nílọ́ọ̀nù kéékèèké mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, kẹ́míìsì ló bá a po wọ́n pọ̀. Kò sí èyí tó ní orúkọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kápúsù pupa òun dúdú, hóró funfun roboto, ọ̀kan nínú ẹ̀ oògùn úlísà ni mo dá a mọ̀ sí! Ó ti gbé oògùn yẹn mì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Yíìsì ló ń ṣe é látilẹ̀, áńtíbáyọ́tíìkì tó sì ń gbé mì ló ń bọ́ yíìsì náà.

Bí ohun tó ń jáde lójú ara ṣe yàtọ̀ síra nìyí. Tó bá funfun tó ki bí wàrà tó dì, tó ń yún gan-an, tí kò rùn, yíìsì nìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ara wa ló ń gbé tẹ́lẹ̀, oyún, ìtọ̀ ṣúgà àti áńtíbáyọ́tíìkì ló máa ń gbé e dìde, clotrimazole tí wọ́n ń tì sójú ara la fi ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá ṣàn bí omi, tó ń rùn bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sùn ti ọkọ, ìyẹn ni BV, metronidazole ló ń gbọ́. Tó bá ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ewé tó ń hó, ó lè jẹ́ trichomonas, láti ara ìbálòpọ̀ ló ti ń wá, ẹ̀yin àti ọkọ lẹ jọ máa lo oògùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa kàn máa gbé e fún ara yín lọ gbé e fún ara yín bọ̀ ni. Èyí tí ikùn ìsàlẹ̀ ń dùn mọ́ ọn, tí ibà wà níbẹ̀, ẹ má fi ṣeré, túùbù tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ ló ń lọ bà jẹ́.

Èyí tó mọ́ gaara tó ń fà bí ewédú láàárín oṣù ńkọ́? Àlàáfíà ni o, ẹyin ló ń múra láti já bọ́.

Ọ̀rọ̀ Staph tí láàbù máa ń kọ náà, kòkòrò kan ni, ó ń gbé lára awọ gbogbo wa, rírí tí wọ́n rí i lórí pépà nìkan ò sọ pé òun ló ń ṣe yín. Mo mọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan nítorí ẹ̀. Dettol, álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn, jíjókòó lórí omi gbígbóná, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ojú ara ń fọ inú ara rẹ̀, omi lásán níta ti tó.

Tí mo bá mu omi iyọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ńkọ́?

BP yín á lọ sókè, oyún á sì dúró. Ampiclox kì í dènà oyún, Andrews kì í dènà ẹ̀, Alabukun àti ọsàn wẹ́wẹ́ náà kì í dènà ẹ̀. Ohun tó wà fún un ni Postinor àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ní levonorgestrel, láàárín wákàtí 72, bẹ́ ẹ bá ṣe tètè lò ó sí ló ṣe máa ṣiṣẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá bì í láàárín wákàtí méjì, ẹ tún òmíì lò. Kì í bà oyún tó ti wà níbẹ̀ jẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń lò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìfètòsọ́mọbíbí ló ń wá, kò kàn mọ̀ ni.

Ṣé òótọ́ ni pé kọ́pà-tì máa ń rìn lọ sínú ọkàn?

Torí ìbéèrè yìí ni mo ṣe tọ́jú ọ̀kan sínú dúrọ́ọ̀ mi tí mi ò ní fi sí ẹnikẹ́ni lára. Mo kàn máa ń gbé e lé wọn lọ́wọ́ ni. Ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ni, rọ́bà funfun bíi lẹ́tà T, wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé e, okùn méjì tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ìdí ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan láti Makoko fi ìka wọ̀n ọ́n, ó ní “eegun ẹja mi jù báyìí lọ, nọ́ọ̀sì.” Kò sí ọ̀nà kankan láti ilé ọmọ lọ sọ́kàn. Ó lè bọ́ jáde, ó ṣọ̀wọ́n kó gún ilé ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ní kẹ́ ẹ padà wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, ẹni tí tirẹ̀ ti ń dà gan-an tẹ́lẹ̀ kó sọ fún wa ká wá nǹkan míì fún un.

Ti apá wà, abẹ́ awọ apá ni wọ́n máa ń fi í sí, ó dà bí igi ìṣáná, ẹyọ kan fún ọdún mẹ́ta, ẹyọ méjì fún ọdún márùn-ún. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta dáa fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan sí òun lára, ẹ kàn mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ó lè tó ọdún kan kí oyún tó dúró. Nínú gbogbo ẹ̀, kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ HIV.

Ọdún mẹ́ta la ti ṣègbéyàwó, oyún ò dúró. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ fọ inú.

Kí ni ẹ fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ṣe tẹ́ẹ̀sì? Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá ti gbìyànjú fún ọdún kan, ẹ wá, ẹni tó bá ti lé ní ọdún 35, oṣù mẹ́fà ni kó fi gbìyànjú, kó wá. Nínú àwọn tọkọtaya tí ò tètè rọ́mọ bí, ní nǹkan bí ìdajì, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, bóyá tirẹ̀ nìkan tàbí tirẹ̀ pẹ̀lú tìyàwó. Tẹ́ẹ̀sì àtọ̀ ò ní abẹ́rẹ́, kò ní ọ̀bẹ: kí ọkùnrin má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ méjì sí méje, kó fi sínú ife, ó parí. Síbẹ̀ obìnrin ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, wọ́n á ta oògùn sí i nínú láti ya àwòrán túùbù, ó dun obìnrin o, kí ọkọ tó wá rántí pé òun náà wà lára ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ méjì kí ọkọ tó gbà, tí èsì ọkọ sì jáde pé kò sí irúgbìn kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, pé ẹ lágbára lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ti obìnrin náà wà, kí ẹyin má máa já bọ́, tàbí kí túùbù ti dí nítorí ìnfẹ́kṣọ̀n àtijọ́ tí wọn ò tọ́jú dáadáa. Tó bá dé orí IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, kì í ṣe nǹkan tuntun níbí, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru ti ṣe é ní ọsibítù LUTH, Ìdí-Àràbà, ní àwọn ọdún 1980.

Mo lóyún, ẹsẹ̀ ń wú, orí ń fọ́. Ṣebí bí oyún ṣe máa ń rí nìyẹn?

Ẹsẹ̀ tó wú nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dúró nídìí ọjà látàárọ̀, ó wọ́pọ̀. Àmọ́ orí fífọ́ tí ò gbọ́ Panadol, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ tó wú, ìrora lókè ikùn lápá ọ̀tún, tí oyún bá ti kọjá oṣù márùn-ún, ẹ má sùn lé e, ẹ má dúró de ọkọ, ẹ má lọ sí fíjìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ni, láti 140/90 la ti ń fojú sí i lára, tí wọn ò bá tètè dá a dúró aboyún lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì kó dákú, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti bímọ tán pàápàá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ọmọ tí kò mira mọ́, ìyẹn náà ò gba ìdúró. Lórí Island, Island Maternity wà níbẹ̀, ní Ìkẹjà Ayinke House wà nínú ọsibítù LASUTH. Agbẹ̀bí tó bá mọṣẹ́ fúnra ẹ̀ á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ.

Màltì àti mílíìkì dùn, èmi náà ń mu ún, kì í sọ di ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àti ọsàn tẹ́ ẹ bá fi tẹ̀ lé e, ìyẹn ló ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ má fi tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ torí tíì kì í jẹ́ kó wọlé. Folic acid, kẹ́ ẹ tó lóyún ló ti yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Kókó kan wà lọ́mú mi, kò dùn mí, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀.

Pé kò dùn yín yẹn gan-an ló yẹ kó gbé yín dìde. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kókó tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ló máa mọ̀. Ẹ máa fọwọ́ yẹ ọyàn wò ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí, ẹ tẹ abẹ́ abíyá náà. Awọ tó súnkì bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó wọlé, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀, ẹ wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fáwọn ọmọbìnrin níléèwé, wọ́n ní kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ.

Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ni, October 2023 ni Nàìjíríà gbé e wọ inú àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fọ́mọ, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́ ni. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n ń gún un kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ni, kì í ṣe kó lè lọ máa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyá wọn náà, láti ọdún 30 ẹ wá ṣe àyẹ̀wò, àwọn ibòmíì wà tó jẹ́ irú omi kíkan tó wà nínú fínígà ni wọ́n máa fi kan ẹnu ilé ọmọ, ibi tí ò bá dáa á funfun, kò pẹ́ rárá.

Nǹkan oṣù mi ti dá. Wọ́n ní tí mo bá tún ń bá bàbá sùn, inú mi máa wú.

Mà, ọ̀rọ̀ yìí ti lé ọ̀pọ̀ bàbá jáde nínú yàrá. Wọ́n ní àtọ̀ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ bá jáde ló máa di ìju. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀ kì í gbé inú obìnrin kó wá di nǹkan míì. Ojú ara máa ń gbẹ lásìkò yẹn, òun ló ń jẹ́ kó máa dunni, ìpara wà fún un. Ooru tó ń ṣàdéédé bo yín lóru tí nẹ́pà wà tí fáànù ń yí, òun náà wà lára ẹ̀. Nǹkan kan péré ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbójú fò: tó bá ti pé ọdún kan tí nǹkan oṣù ti dá, tẹ́ ẹ wá rí ẹ̀jẹ̀, kódà ẹ̀kán kan, ẹ wá. Wọ́n máa ń yọ̀ pé àwọn ti padà di ọmọge. Ẹ wá.

Ìtọ̀ ń gbóná mi, mo sì ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland wà lára ohun tó ń fà á, mi ò ṣàwàdà. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú, ẹ ò wá mu omi torí kẹ́ ẹ má baà tọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ tún dá èyí tó wà níbẹ̀ dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ mu omi. Tẹ́ ẹ bá yàgbẹ́, látiwájú lọ sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ nù ún. Tí ibà bá mọ́ ọn, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn bá ń dùn, tàbí tẹ́ ẹ bá lóyún, kí láàbù wò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kí ni kí n mú dání tí mo bá ń bọ̀?

Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù yín tó kẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sórí fóònù. Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò, tòun ti nílọ́ọ̀nù ẹ̀, àgbo náà, mi ò ní bú yín. Káàdì àtijọ́. Ẹ má fọ inú ojú ara kẹ́ ẹ tó máa bọ̀. Káàdì Ilera Eko, ti ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó, tẹ́ ẹ bá ní in. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìtọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wa. Obìnrin kan á dúró sí ẹnu géètì, á san owó fún ilé ìgbẹ́ ìta, á tọ̀ gbogbo ẹ̀ tán, láàbù á wá ní kó mú ìtọ̀ wá, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lọ́wọ́, tí yóò máa wò mí.